Obìnrin Tó Wà Pẹ̀lú

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Mi ò ní béèrè bóyá ara le, torí ibà kì í ṣe ẹni tó ti kúrò láyé, orúnkún kì í sì í dùn ún mọ́. Àwa tí ẹ fi sílẹ̀ la ni ìṣòro. Ìjà ni mo bá wá, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé ìkíni lásán ni. Ẹ kúkú mọ̀ mí. Bí inú bá ń bí mi, gbogbo ilé ló máa ń gbọ́, àfi pé ilé tí ẹ wà báyìí jìnnà díẹ̀.

Fọlákẹ́, ọmọ mi kan ṣoṣo, ti bímọ. Obìnrin ni, ó dúdú minijọ, irun orí rẹ̀ sì kún bíi ti ẹni tó ti ń lọ sọ́dọ̀ onídìrí látinú oyún. Àbíjàn ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, bíi ti ìdajì ará Èjìgbò, ṣùgbọ́n nígbà tí oyún wọ oṣù keje, ọkọ rẹ̀ ní kó wá bímọ sílé, kó má baà jẹ́ pé òun á wà lọ́nà ọjà tí nǹkan á fi dé. Ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Sátidé tó ń bọ̀ ni ìyá àti ọmọ máa wọ bọ́ọ̀sì padà.

Wàhálà mi ni pé láti ọjọ́ tó ti bímọ, Fọlákẹ́ kò pè mí ní Màmi mọ́. "Mà" ló ń pè mí. Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ ṣé, Mà. Ọmọ ti sùn, Mà. Bí ẹni tó yá yàrá lọ́dọ̀ mi. Ohùn rẹ̀ kò le, ojú rẹ̀ kò korò, ó sì ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀. Ibi tó ti dùn mí jù nìyẹn, torí mi ò rí ẹjọ́ kankan rò fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, kí ni ènìyàn fẹ́ fi sùn ún?

Mo mọ ohun tó fà á. Mo ṣèlérí fún un pé mi ò ní fi í sílẹ̀ nínú yàrá ìrọbí, mo sì jáde. Ìṣojú rẹ̀ ni mo ti jáde. Bí mi ò bá rí ọ̀rọ̀ gidi kan sọ fún un kó tó di Sátidé, ó máa di "Mà" yẹn mọ́ ẹrù lọ sí Àbíjàn, ó dẹ̀ lè má tú u mọ́ láyé. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ sì fà á, Màmá. Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ fà á.

Ẹ rántí pátákó tó wà níwájú ilé ìgbẹ̀bí ìjọ, níbi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ títí ọwọ́ yín fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ yín síbẹ̀, wọ́n sì kọ "midwife" sí abẹ́ rẹ̀. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa bí a ṣe ń pín ọ̀rọ̀ Òyìnbó sí méjì, ẹ wá bi mí pé kí ni èyí tí wọ́n kọ mọ́ yín. Mo pín in fún yín tìgboyà-tìgboyà: apá kan ni àárín, apá kejì ni ìyàwó. Ìyàwó àárín! Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi di ògiri mú, torí ìyàwó kejì nínú mẹ́ta lẹ jẹ́ lọ́ọ̀dẹ̀ Bàbá lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà ni Ìyálé ti ń pè yín bẹ́ẹ̀ láti ìdí ààrò: "Ìyàwó àárín, ibo lẹ gbé iyọ̀ sí?" Àlejò á rò pé ipò yín ni wọ́n ń pè. Wọn kò mọ̀ pé iṣẹ́ yín ni.

Nígbà tí mo kàwé tán tí mo di olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo tún un pín fún yín. Mo ní ó ní láti jẹ́ obìnrin tó dúró láàárín, láàárín aboyún àti ikú. Èyí kò pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹ ní kí n má pe orúkọ ikú mọ́ orúkọ iṣẹ́ yín mọ́. Mi ò tún pè é. Mo sì ń fi bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì lọ́dọọdún.

Lọ́dún yìí ni mo pàdé agídí. Mò ń kọ́ kíláàsì nípa ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n so méjì pọ̀ di ẹyọ kan, ni ọmọbìnrin kan tó ń gun ọ̀kadà wá láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn bá nawọ́ sókè. Eruku ọ̀nà ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó ní, "Mà, mídíwáìfù ńkọ́? Ìyàwó ta ni? Àárín kí sì ni?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo la ẹnu láti sọ èyí tí mo ti ń sọ látọjọ́, ahọ́n mi bá kọ̀. Mo sọ fún un pé màá wádìí. Ìgbà tí wọ́n lọ jẹun, mo lọ sídìí ìwé atúmọ̀ èdè ńlá tó wà ní yàrá ìkàwé, èyí tí ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀, mo ṣí i.

Màmá, irọ́ ni mo ti ń pa fún yín láti kékeré. Kò sí àárín kankan níbẹ̀. Ìwé náà ní nígbà láéláé, kí Gẹ̀ẹ́sì tó rí bó ṣe rí lónìí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni àwọn baba ńlá wọn fi ń sọ "pẹ̀lú". Ọ̀rọ̀ náà ti kú kúrò lẹ́nu wọn, wọ́n ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, inú orúkọ iṣẹ́ yín nìkan ló kù sí. Ọ̀rọ̀ kejì náà, nígbà náà, kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni. Obìnrin lásán ló túmọ̀ sí, ìbáà lọ́kọ, ìbáà má lọ́kọ. Ẹ kó méjèèjì pọ̀, ẹ ó rí i: obìnrin tó wà pẹ̀lú. Pẹ̀lú ta ni? Ọ̀rọ̀ náà kò sọ. Ó gbà pé gbogbo wa ti mọ ẹni tó wà lórí ẹní.

Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo sọ fún Fọlákẹ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ó gbé abọ́ lé orí ikùn bí ẹni gbé e lé tábìlì. Ó ní àwọn tí Faransé ń sọ ní Àbíjàn, sáàjì-fáàmù ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ọlọ́gbọ́n obìnrin. A wá ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Mo ní Yorùbá ló mọ̀ ọ́n pè jù: agbẹ̀bí, ẹni tó ń gba ohun tí wọ́n bí. Ọwọ́ ni tiwa ń wò, ọwọ́ tó là sílẹ̀ tó ń dúró de ọmọ. Orí ni ti Faransé ń wò. Ti Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kò sọ ohun tí obìnrin náà mọ̀, kò sọ ohun tó ń ṣe, kò sọ ju pé ó wà níbẹ̀. Mo ní èyí kò tó nǹkan. Ìgbà wo ni wíwà níbẹ̀ di iṣẹ́?

Fọlákẹ́ gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ó ní, "Màmi, ẹni tó wà pẹ̀lú yẹn gan-an ni mo fẹ́. Ọgbọ́n wà lọ́wọ́ dókítà, ọwọ́ wà lára nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ni kí ẹ wà pẹ̀lú mi."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ sẹ́nu mi. Mo sọ fún un ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, bí ẹ ṣe ṣe mí lọ́jọ́ tí mo fẹ́ bí òun. Mo sì búra. Mo ní, "Èmi ò ní ṣe é bí ìyá mi ṣe ṣe é. Bí ilé ń jó, inú yàrá yẹn ló máa bá mi." Ẹ ò rí ẹnu àìmọ̀kan. Ẹnu yìí náà ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ́ wàyí. Òfin yín ni pé ìyá aboyún kì í wọ yàrá ìrọbí. Ìyá ọkọ lè yọjú, ẹ̀gbọ́n lè yọjú, ṣùgbọ́n ìyá tó bí i lọ́mọ, ìta ni. Ẹ ní ẹ̀rù ìyá máa ń ran ọmọ. Kí wọ́n má baà mọ̀ pé ẹ lé wọn, ẹ ó ní kí wọ́n lọ gbé omi kaná. Àwọn ìyá tó wá láti ìlú Ìsúndùnrìn á tiẹ̀ gbé ìkòkò tiwọn dání wá láti ilé, torí gbogbo agbègbè ti gbọ́ pé omi gbígbóná kì í tó yín. Wọn á máa koná, èéfín á máa fa omijé tí kò yé wọn mọ́ bóyá ti èéfín ni, omi á hó, wọ́n á tún bu òmíràn. Kí lẹ fi omi náà ṣe rí? Ẹ fi po ẹ̀kọ mu! Èmi tí mò ń bá yín ṣa igi ìdáná, mo mọ àṣírí náà láti kékeré, a sì jọ máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

Nígbà tó wá kàn mí, mo rò pé tèmi máa yàtọ̀. Ẹ̀yin ni ìyá, ẹ̀yin náà ni agbẹ̀bí, ta ló wá fẹ́ lé yín síta? Ẹ dì mí ní ìbàdí mú láti àárọ̀. Ẹ ń fi àtẹ́lẹwọ́ yín ra mí lẹ́yìn, ẹ ń bá mi ka èémí. Ìrora náà pọ̀, ṣùgbọ́n kò dẹ́rù bà mí, torí ọwọ́ yín wà lára mi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá gbóná, ẹ wò mí lójú. Ẹ wò mí pẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ikùn lè tan agbẹ̀bí ṣùgbọ́n ojú kì í tàn án, pé ojú obìnrin lẹ fi ń mọ èyí tó máa là àti èyí tó yẹ kí wọ́n tètè gbé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo. Ẹ wò mí lójú tán, ẹ mú ọwọ́ kúrò. Ẹ pe Ìyá Dúpẹ́, igbákejì yín, pé kó wá dúró sí ipò yín. Ẹ ní ẹ fẹ́ lọ gbé omi kaná.

Omi! Èmi lẹ ń bá sọ̀rọ̀ omi!

Mo pè yín. Ẹ gbọ́ mi, torí mo rí i pé èjìká yín mì. Ẹ kò wẹ̀yìn. Ìyá Dúpẹ́ ló gbẹ̀bí Fọlákẹ́. Nígbà tí ẹ wọlé, ẹ ti fọ ojú, ẹ ka ìka ọmọ, ẹ ní ó jọ Bàbá, ó parí. A kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Mo tọ́ Fọlákẹ́ lábẹ́ ojú yín, mo fà á fún ọkọ níṣojú yín, ẹ ṣàìsàn, mo wẹ̀ yín, ẹ kú, mi ò béèrè. Lọ́jọ́ ìsìnkú yín, gbogbo obìnrin tó dìde sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohun kan náà ni wọ́n ń wí: ọwọ́ Màmá ni mo dì mú títí ọmọ mi fi dé. Mo jókòó síwájú, mo káwọ́ lẹ́rán. Gbogbo Èjìgbò lẹ wà pẹ̀lú wọn. Ọmọ tí ẹ bí nìkan lẹ fún ní omi gbígbóná.

Ẹ wá wò ó bí mo ṣe wọ yàrá yẹn pẹ̀lú ìbínú.

Ọ̀sán ni ìrọbí mú Fọlákẹ́, oòrùn ń ta. Ilé ìwòsàn tí a lọ, wọn kì í jẹ́ kí ìyá wọlé, àfi bíi pé ẹ̀yin lẹ ṣòfin fún wọn. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ tí mo kọ́ nílé ìwé ni, ó sì ń bẹ̀rù mi díẹ̀ títí dòní. Ó ní, "Mà, ẹ wọlé o, ṣùgbọ́n apá orí rẹ̀ ni kí ẹ dúró sí, ẹ má dí mi lọ́wọ́." Mo wọlé bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Mo nu òógùn ojú rẹ̀, mo kọ orin ìjọ sí i létí, mo ń pè é ní mádáàmù ará Àbíjàn kó lè rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín. Ó di ìró mi mú ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, ó lọ́ ọ mọ́ ọwọ́. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé Màmá, ẹ wá wò ó, bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé.

Ó pẹ́, Màmá. Ó pẹ́ kọjá bó ṣe yẹ. Nígbà tó ń pariwo, ó dára, mo lè fara dà á. Ìgbà tó dákẹ́ ni. Ojú rẹ̀ ṣí, kò sì wo nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì ké sí ẹnì kejì rẹ̀, wọ́n ń yára fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn bí ìgbà tí wọ́n ti gbàgbé pé mo wà níbẹ̀, èmi tí ìjọba ń sanwó fún lórí Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Mo rí ọwọ́ nọ́ọ̀sì, mi ò fẹ́ rí i mọ́. Fọlákẹ́ yí orí sí mi. Ó ní, "Màmi."

Mo tú ìka rẹ̀ kúrò lára ìró mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rọ̀ mọ́ ọn, mo tú u. Mo ní, "Mò ń bọ̀." Mo jáde.

Kò sẹ́ni tó lé mi. Nọ́ọ̀sì tiẹ̀ ń pè mí padà ni. Ẹsẹ̀ mi ló ń gbé mi lọ, bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá já okùn. Ìta ni mo bá ara mi, mi ò mọ ohun tí màá fi ọwọ́ mi méjèèjì ṣe. Mo rí ìgbálẹ̀ kan tí wọ́n fi ti ara igi máńgòrò. Mo mú un, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Mo gbá ewé abẹ́ máńgòrò, mo gbá iwájú ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì, mo gbá a dé géètì. Bàbá kan tó ń dúró de ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́?" Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni ǹ bá tún wí? Mi ò gbàdúrà, Màmá. Ọ̀rọ̀ àdúrà kankan kò wá sí mi lẹ́nu. Ilẹ̀ ni mo ń gbá.

Nígbà tí mo gbọ́ igbe ọmọ, mi ò lè wọlé. Nọ́ọ̀sì ló jáde wá fà mí lọ́wọ́, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dá, ìyá àti ọmọ wà láyé, kí n wá dúpẹ́. Mo wọlé. Fọlákẹ́ wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì, ètè rẹ̀ funfun. Ó ní, "Ẹ kú wàhálà, Mà." Ibẹ̀ ni "Mà" ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n sọ ọmọ náà ní Yétúndé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló dá a lábàá, gbogbo ènìyàn sì gbà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí a ku àwa méjì, mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo bi í léèrè bóyá ẹ̀yin ni, kí ẹ wá wí tẹnu yín. Ó da wàrà sí mi láyà. Mo ní ó dáa, ẹ ṣeun.

Mo kọ lẹ́tà yìí débí lánàá, mo dìde, torí mi ò mọ ohun tó kàn. Mo ti rò pé bí mo bá kọ ọ́ tán, ẹ ó ti fi àlàyé kan sí mi lọ́kàn tí màá gbé lọ bá a. Kò sí àlàyé tó wá. Mo lọ bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ yìí, lọ́wọ́ òfìfo.

Ó ń di ẹrù. Ó ti kó gàrí àti ẹ̀gúsí sínú àpò, ó ń ká aṣọ ọmọ. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Fọlákẹ́, mi ò ní àwíjàre. Ẹ̀rù ló bà mí."

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀rù kí ni, Mà?"

Mo ní, "Kí nǹkan má ṣe ọ́ níṣojú mi."

Ó ká aṣọ kan, ó tú u, ó tún un ká. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní, "Nígbà tí ẹ ń tú ọwọ́ mi, mo rò pé ẹ ti rí i pé mò ń kú ni. Mo ní ìyá mi kò jẹ́ jáde bí mo bá máa yè. Mo ní bó bá ti rí ikú lójú mi, a jẹ́ pé ó ti parí nìyẹn. Mo bá ń kí ọmọ inú mi pé ó dìgbóṣe. Màmi, mo ti kí ọmọ mi pé ó dìgbóṣe!"

Ó sunkún. Láti ọjọ́ tó ti bímọ, kò tíì sunkún.

Màmá, mo fà á mọ́ra. Torí ohun tí èmi náà rò nìyẹn, lórí ẹní yẹn, nígbà tí ẹ mú ọwọ́ kúrò. Ohun náà gan-an. Mo ti wá ń pè é ní pé ẹ kò wà pẹ̀lú mi, mo fi ìwé atúmọ̀ èdè lé yín lórí, mo ń bá yín ṣẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn. Ẹ̀yin lẹ mọ ojú ẹni tó máa kú. Ẹ wo tèmi, ẹ wò ó pẹ́, ẹ sì jáde. Ọmọdébìnrin ni mí nígbà náà, Màmá. Kí lẹ fẹ́ kí n rò? Mo dùbúlẹ̀ níbẹ̀, mò ń dúró de ikú tí ìyá mi ti rí, ọmọ ni mo sì rí. Láti ọjọ́ náà ni inú ti ń bí mi sí yín, mi ò mọ̀ pé ìpayà ni.

Mo sọ fún un. Mo ní, "Mi ò rí ikú. Mi ò rí nǹkan kan, Fọlákẹ́, ojú mi ṣú. Ìwọ ni mo rí, mi ò sì lè wò ọ́ mọ́. Mi ò rí ikú kankan lójú rẹ."

Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Kí wá lẹ lọ ń ṣe níta?"

Mo ní mo gbálẹ̀.

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Mo gbá ilẹ̀ ilé ìwòsàn. Títí dé géètì."

Màmá, ọmọ-ọmọ yín rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú, ó na ọwọ́ lu mí léjìká bí ọ̀rẹ́ ṣe ń lu ọ̀rẹ́. Ó ní, "Háà, Màmi! Ẹ ò dáa o!" Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún, Yétúndé jí, àwa mẹ́ta wá ń ké pọ̀ nínú yàrá kan bí ilé ẹni tó kú.

Ó fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe yín, bóyá ẹ kò rí nǹkan kan lójú mi lọ́jọ́ náà ju ọmọ yín lọ. Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní màá bi yín. Mo bi yín nìyí, Màmá. Kí lẹ rí?

Fọlákẹ́ ti sùn báyìí. Ọmọ wà lápá rẹ̀, orí rẹ̀ wà lórí itan mi, bó ṣe máa ń sùn nígbà tí kò tíì tó ọmọ ilé ìwé. Itan kejì ni mo gbé ìwé yìí lé, ẹ wo bí ìkọ̀wé mi ṣe wọ́. Ẹsẹ̀ mi tó fi ṣe ìrọ̀rí ti kú tipẹ́, mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́ láti orúnkún lọ sísàlẹ̀. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn níta, iná sì wà lábẹ́ ìkòkò. Kí ìkòkò jóná. Kí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn padà sílé. Mi ò ní dìde.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín tìjà-tìjà.